Ìwé Àkọsílẹ̀, Ọ̀sẹ̀ Kẹjọ

Dókítà Mákànjúọlá, ẹ ní ká máa kọ ohun tí a bá kọ́,
ojú ewé kan lọ́sẹ̀, kó dé yàrá yín ní Akọkà
kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀.
Mo ti kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ó wà nínú àpò mi.
Èyí ni ohun tí kò gbà sójú ewé náà.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀: wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Oṣù kan gbáko ni mo fi ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé
bí ẹni ń tọrọ iná nílé onílé.
Àga mi, ti ẹni tó lọ ìsinmi ìbímọ ni.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú; ìwé ìṣúná ọdún tó kọjá ni mo fi tì í.
Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí ìṣúná tó gbé nǹkan dúró nìyẹn.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi: lọ ka ẹ̀rọ omi ìjọba
láti Oko Bàbá títí dé Ìdó.
Ìwé ní mọ́kànlélógójì.
Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ẹsẹ̀ rìn ín,
lẹ̀bú pákó lójú, lẹ̀bú pákó nínú irun, nínú búrẹ́dì mi.
Mẹ́sàn-án ló ń yọ omi.
Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ọ̀kan.
Onífótò kan ta aṣọ ìkélé bo òmíràn,
àwọn ọmọdé ń ya àwòrán ọjọ́ ìbí
níwájú ẹ̀rọ tí kò tíì kán tó
láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn.

Munírátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbé ike méjì dání.
Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin ni ìjọba?”
Mo ní rárá o, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.
Ó wo káàdì àyà mi, ó wò ó dáadáa:
“Kí ló wá dé tí ẹ fi orúkọ wọn kọ́rùn?”

Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́tónjí ní kí n kọ mọ́kànlélógójì.
“Mẹ́sàn-án á bí ìbéèrè, ìbéèrè á bí ìgbìmọ̀,
ìgbìmọ̀ á sì mu owó omi náà gbẹ.”
Kì í ṣe èèyàn burúkú.
Òun ló ń ra gààrí ọ̀sán fún mi, torí ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́,
ó sì máa ń fi omi inú ọ̀rá tirẹ̀ rẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Àkànmú kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Múṣin, ọdún mẹ́ta.
Lọ́jọ́ firídọ̀mù, wọ́n da páúdà sí i lórí,
ọ̀gá rẹ̀ súre, ó gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́,
ìyá wa ń sunkún, ó ń jẹ ẹran.
Kí ni wọn yóò gbé lé èmi lọ́wọ́? Bírò?
Lẹ́tà tó ní mo fara balẹ̀?

Ẹ kọ́ wa pé nínú ìwé ìtàn iṣẹ́,
ọ̀rọ̀ tó lágbára ni kó ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan:
Mo darí. Mo ṣètò. Mo gbé kalẹ̀.
Ṣé “mo kà” lágbára tó?
Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń kàwé, la fi ń kawó;
ọdún mẹ́fà ni mo fi kà,
ọjọ́ mẹ́rin ni mo tó kà.

Aago mẹ́ta ààbọ̀. Kọ̀ǹpútà ti ṣí.
Àlàfo kékeré kan ń dúró de òǹkà,
mo sì ń gbọ́ bàtà Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́tónjí lórí àtẹ̀gùn.
Dókítà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn tí kò sí nínú ìwé ìléwọ́ yín:
ẹni tó ti kà á tán,
báwo ló ṣe ń ṣe bí ẹni tí kò mọ òǹkà?

Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lórí tábìlì.
Kò sómi níbẹ̀ náà.